Ìwé gbèsè ni ẹ̀wọ̀n àgbẹ̀ ní Sindh

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ata, ẹ fetí sílẹ̀. Ìlú kan wà ní gúúsù Pakistan tí wọ́n ń pè ní Kunri. Ẹkùn Umerkot ló wà, ní ìpínlẹ̀ Sindh, níbi tí ilẹ̀ tó ń rí omi odò ti ń parí lọ tí aṣálẹ̀ Thar sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ata ni wọ́n fi mọ ìlú náà. Tí àsìkò ìkórè bá dé, ilẹ̀ á pupa fòò, ata tí wọ́n sá sóòrùn ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń pe Kunri ní olú-ìlú ata ní gbogbo Éṣíà.

Àmọ́ ẹni tó gbin ata yẹn, tó bomi rin ín, tó já a, tó sá a, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í rí owó mú relé. Gbèsè ló ń gbé relé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Tí ìròyìn bá dé nípa àwọn onílẹ̀ ńláńlá Pakistan, ohun tí àwa tí à ń kà á lórí fóònù máa ń pariwo lé lórí ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀: éékà mélòó ni lágbájá ní, ilé rẹ̀ tóbi tó báwo, mélòó ni àwọn tó ń gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi o, kì í ṣe ilẹ̀ ló so àgbẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ìwé ni. Ìwé kan báyìí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Hari ni wọ́n ń pe irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè Sindhi. Kò ní ilẹ̀ tirẹ̀. Onílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zamindar tàbí wadero, ló ń fún un ní ilẹ̀ tó fi ń dáko. Hari á mú agbára rẹ̀ wá, á mú ìyàwó àtàwọn ọmọ wá, torí gbogbo ilé ló ń ṣiṣẹ́ náà. Tí irè bá jáde, wọ́n á pín in sí méjì, ìdajì fún onílẹ̀, ìdajì fún hari. Batai lorúkọ ìpín yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ báyìí, ẹ lè ní kò burú. Ìdajì-ìdajì, kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni pé ìdajì hari kì í dúró lọ́wọ́ hari.

Ká ní ẹnì kan kórè ogún àpò àlìkámà. Mẹ́wàá ti di ti onílẹ̀, ó ku mẹ́wàá. Kamdar, ìyẹn ẹni tí onílẹ̀ fi ṣe alábòójútó oko, tó tún ń kọ ìwé, á wá ṣí ìwé rẹ̀. Ìpín hari nínú owó irúgbìn, yọ ọ́. Ajílẹ̀, yọ ọ́. Oògùn kòkòrò, yọ ọ́. Owó katakata tó túlẹ̀, yọ ọ́. Ìyẹ̀fun tí ìyàwó rẹ̀ wá gbà lóṣù tí oúnjẹ tán nílé, yọ ọ́. Owó tí wọ́n fi gbé ọmọ lọ sọ́sibítù ńkọ́? Owó ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ká má tíì sọ ti gbèsè èṣí. Kí kamdar tó pa ìwé dé, àpò mẹ́wàá ti tán, iye kan sì tún kù tí wọ́n máa gbé lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Hari tí kò kàwé ò lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye tí wọ́n kọ fún ajílẹ̀ ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Bó bá tiẹ̀ mọ̀, ta ló fẹ́ bi? Ìka ló máa tẹ̀ sí i.

Owó tí onílẹ̀ ń yá a ṣáájú yìí ni wọ́n ń pè ní peshgi. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Bàbá kú, ọmọ jogún ẹ̀.

Àwọn bàbá ńlá wa náà mọ nǹkan tó fara jọ ọ́. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ló dúró fún èlé, ojú owó ò sì ní dín títí wọ́n á fi san án. Kẹ́nikẹ́ni má ṣe wá bá mi sọ pé ìwọ̀fà dùn o. Kò dùn rárá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ ká fojú fò. Ìwọ̀fà mọ iye tó wà lọ́rùn òun. Ẹbí mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́rìí wà, ọjọ́ tí wọ́n bá ti kó owó náà jọ, ó di dandan kó máa lọ sílé. Hari ò mọ iye tó jẹ. Ẹni tó yá a lówó náà ló mọ̀ ọ́n, òun náà ló sì ń kọ ọ́. Ẹ gbà mí, irú gbèsè wo lèèyàn lè san tán báyẹn?

Ẹ máa ní kí ló dé tí kò sá. Ìbéèrè gidi ni. Ilé amọ̀ tó ń gbé, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kọ́ ọ sí, torí náà tó bá kúrò lóko, ó kúrò nílé nìyẹn. Ewúrẹ́ tàbí màlúù tó bá ní, onílẹ̀ lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Tó bá fẹ́ lọ bá onílẹ̀ míì, ẹni tuntun yẹn á kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, gbèsè á wá ṣí kúrò nínú ìwé kan bọ́ sínú ìkejì, òun àti ìyàwó àtọmọ á sì tẹ̀ lé e. Sísan gbèsè ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní títa èèyàn.

Yàtọ̀ síyẹn, púpọ̀ nínú àwọn hari tó wà ní Umerkot, Mirpurkhas, Sanghar àti Badin jẹ́ ẹ̀yà Kohli, Bheel àti Meghwar. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni wọ́n, ní orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, àwọn Híńdù bíi tiwọn tó jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá náà sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn nítorí ìdílé tí wọ́n ti wá. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ni o. Hari tó jẹ́ Mùsùlùmí wà, onílẹ̀ tó jẹ́ Híńdù náà wà. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá sá, ẹ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ sá lọ fún mi. Àgọ́ ọlọ́pàá tí ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹun nílé onílẹ̀ ni àbí ibo?

Àwọn onílẹ̀ kan ò tiẹ̀ dúró dìgbà tẹ́nì kan máa sá. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n tiwọn. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àjọ Human Rights Commission of Pakistan àtàwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ míì ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún hari lọ́wọ́ láti bọ́ lọ́wọ́ irú àwọn onílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá àwọn míì pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Hyderabad (ti Sindh ni o, kì í ṣe ti India), nítorí wọn ò ní ibòmíì tí wọ́n lè lọ.

Krishna Kumari Kohli mọ irú ẹ̀wọ̀n yẹn dáadáa. Ọdún 1979 ni wọ́n bí i ní Nagarparkar, nínú aṣálẹ̀ Thar. Kíláàsì kẹta ló wà nígbà tí onílẹ̀ kan ní Kunri, ìlú ata tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, há òun àtẹbí rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún un fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bọ́, ó padà sílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi í fọ́kọ. Ó ṣì ń kàwé lọ, ó gba oyè ìmọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Sindh, ó di ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018 ni wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin àgbà Pakistan. Ọmọ hari di sẹ́nétọ̀!

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ tán. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé e wọlé ni Pakistan Peoples Party. Zulfikar Ali Bhutto ló dá a sílẹ̀, ọmọ ọ̀kan lára àwọn ìdílé tó nílẹ̀ jù ní agbègbè Larkana. Onílẹ̀ ńláńlá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà títí dòní. Mi ò fi ìyẹn bu obìnrin náà kù. Ilẹ̀kùn tó ṣí ló gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kéèyàn mọ bí nǹkan ṣe rí ní Sindh: ẹni tó fẹ́ gba hari sílẹ̀ àtẹni tó so ó mọ́lẹ̀ lè jọ wà nínú yàrá ìpàdé kan náà.

Ká má rò pé àwọn hari fọwọ́ lẹ́rán láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Ọdún 1930 ni wọ́n ti dá Sindh Hari Committee sílẹ̀. Ní 1932, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìsédò ńlá kan ní Sukkur, lórí odò Indus. Omi dé ibi tí kò dé rí, ilẹ̀ gbígbẹ di ilẹ̀ owó, òwú àti àlìkámà gbòde. Àwọn tó nílẹ̀ rí jẹ. Àwọn hari ní káwọn náà rí ìdajì táwọn jọ ṣàdéhùn gbà, ní pípé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1947, àwọn hari ń ṣèpàdé ńlá kan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin abúlé kan lágbègbè Kunri sì ti lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ṣọ́ ọkà. Àwọn èèyàn onílẹ̀ dé, wọ́n fẹ́ kó ọkà náà lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mai Bakhtawar dúró níwájú wọn, ó ní wọn ò ní kó o láìjẹ́ pé wọ́n pín in. Wọ́n yìnbọn pa á. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí Pakistan gba òmìnira.

Ohun tí obìnrin yìí kú lé lórí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí. Kò ní kí wọ́n kó ilẹ̀ fóun. Ó ní kí wọ́n pín ọkà lójú gbogbo ayé kí wọ́n tó gbé e lọ, torí ó mọ̀ pé tó bá ti wọ àká onílẹ̀ tán, ìwé kamdar ló kù tí wọ́n máa fi pín in. Ìṣirò ló kú lé lórí.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ àwọn hari. Nígbà tí ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1948, ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ìjọba kan tó ń jẹ́ Muhammad Masud, kọ̀ láti bá àwọn yòókù fọwọ́ sí i. Ó kọ ti ẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ṣàlàyé bí ẹ̀rù onílẹ̀ ṣe ń ba hari tó. Ìjọba kọ́kọ́ fi ìwé náà pa mọ́. Hyder Bux Jatoi ńkọ́? Òun náà ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó lọ darí àwọn hari. Léraléra ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Ní 1950, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hari lọ ká ilé aṣòfin mọ́ ní Karachi, òfin kan sì jáde: Sindh Tenancy Act.

Tẹ́ ẹ bá ka òfin yẹn, ẹ máa ní ìṣòro ti parí. Hari tó bá dá ó kéré tán éékà mẹ́rin fún onílẹ̀ kan náà fún ọdún mẹ́ta léra ní ẹ̀tọ́ láti dúró sórí ilẹ̀ náà. Òfin sọ bí wọ́n ṣe máa pín irè oko, ó sì sọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò gbèsè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Kì í ṣe adájọ́ ni wọ́n gbé e fún. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó orí ilẹ̀ ni, ẹni tí òun àti onílẹ̀ jọ ń ríra lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá. Ta ló nìwé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣì rò pé ilẹ̀ nìkan ni ìṣòro, ẹ gbọ́ ohun tójú ìjọba Pakistan rí. Ní 1959, Ayub Khan ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní ju 500 éékà ilẹ̀ olómi lọ. Ní 1972, Bhutto dín in sí 150. Ní 1977, ó tún dín in sí 100. Orí ìwé ni gbogbo ẹ̀ ti dùn. Àwọn onílẹ̀ pín ilẹ̀ wọn fún ìyàwó, fún ọmọ, fún àbúrò, àwọn míì fún ìránṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun nílẹ̀. Ohun tó sì ní kó má tún dìde mọ́ ni pé ní 1989, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń mójú tó òfin Ṣàríà nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Pakistan ní kò bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù mu kí ìjọba máa fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa ṣòfin míì náà rèé, onílẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn, ìbò hari tó ń gbé lórí ilẹ̀ wọn sì ló gbé wọn débẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Ní 1992, òfin tuntun jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó fòpin sí kíkó èèyàn sóko gbèsè, ó sì pa gbogbo irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rẹ́. Sindh ṣe tiẹ̀ ní 2015. Àwọn hari gbẹ́kẹ̀ lé òfin yẹn, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní 2002, ilé ẹjọ́ gíga Sindh da ẹ̀bẹ̀ wọn nù, ó ní ọ̀rọ̀ àárín onílẹ̀ àti hari ni, kí wọ́n fi òfin 1950 yanjú ẹ̀. Ìyẹn ni pé kí wọ́n padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ilẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá kí ilé ẹjọ́ kan náà tó sọ, ní 2019, pé adájọ́ gan-an ló yẹ kó máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti àwọn onílẹ̀ náà, kẹ́ ẹ má bàa ní mo ń ṣègbè. Wọ́n ń sọ pé hari á gba peshgi lọ́wọ́ ẹni kan, á sá lọ gba òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní báńkì kì í yá ẹni tí ò nílẹ̀ lówó, pé táwọn ò bá fún un ní irúgbìn, ta ló fẹ́ fún un? Òótọ́ lèyí náà. Kì í sì í ṣe gbogbo onílẹ̀ ló ń ti èèyàn mọ́lé; àwọn míì ò ní ju éékà díẹ̀ lọ, àwọn náà jẹ gbèsè lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń ra òwú wọn. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan fún wọn: tí ìṣirò yín bá mọ́, kí ló dé tí hari ò lè ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́? Ọlọ́jà tó ń ta àwìn ládùúgbò yín pàápàá, ẹ lè ní kó ṣí ìwé kẹ́ ẹ wò ó.

Lẹ́yìn náà ni omi dé. Ní 2022, àkúnya omi ba nǹkan jẹ́ ní Pakistan, ó kan èèyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì pa ju 1,700 lọ. Sindh ló fara gbá a jù. Òwú lọ, ata Kunri lọ. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò tí hari ti gbà láwìn bá omi lọ pẹ̀lú, àmọ́ iye wọn ò kúrò nínú ìwé. Omi ò débẹ̀.

Ohun kan jáde látinú àjálù yẹn tí mò ń fojú sí lára. Ìjọba Sindh bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ ju mílíọ̀nù méjì ilé lọ fún àwọn tí omi gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní ìwé ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ á máa jẹ́ lórúkọ obìnrin. Hari tó ní ilé lórí ilẹ̀ tirẹ̀ lè bá onílẹ̀ jà láìjẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ sùn síta lálẹ́ ọjọ́ náà. Òfin míì tún wà láti 2019, ti àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko, tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ìwé àdéhùn iṣẹ́. Àwọn obìnrin ló ń já òwú Sindh jù, wọ́n á wọn èyí tí kálukú já, wọ́n á sì fi ìwọ̀n yẹn san owó rẹ̀. Ta ló di ìwọ̀n mú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Torí náà, tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó yẹ kí ìjọba Sindh kọ́kọ́ ṣe, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí pípín ilẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ. Màá ní kí ìwé gbèsè di méjì lórí gbogbo oko, ọ̀kan lọ́wọ́ kamdar, ọ̀kan lọ́wọ́ hari, ní èdè Sindhi, kí iye ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà á, kí gbèsè tí kò bá sí nínú méjèèjì má ṣe jẹ́ gbèsè níwájú adájọ́ kankan. Kí ọmọ hari tó bá ń lọ sílé ìwé lè jókòó ti ìyá rẹ̀ lálẹ́, kó kà á fún un láti òkè délẹ̀, kó sì wọ ọjà Kunri lọ lọ́jọ́ kejì, kó béèrè pé èló ni wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀ kan.